Bí Rọra Ṣe Ní Kí Ọkọ̀ Òun Náà Fẹ̀yìn Tì

Orúkọ tí òbí ọkùnrin yìí sọ ọ́ wà nínú ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì mọ. Rọra ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀, á ní, "Rọra!" Bí ẹlòmíràn bá ru agbọ̀n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, á sáré jáde, á ní, "Rọra o, má fi ha á lára." Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí àkọ́bí wọn, tí ó ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ìrora mú obìnrin náà débi pé ó ń fi ọwọ́ gbá iwájú ọkọ̀ gbà, gbà, gbà. Ohun tí ọkọ rẹ̀ sì rí sọ ni, "Rọra, ìyàwó mi, ike ni ohun tí ò ń gbá yẹn." Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn yìí kiri, ó sì ń fi ọmọ tó bí lọ́jọ́ náà búra pé òótọ́ ni.

Awakọ̀ ni Rọra. Ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ló ti ń wa àwọn ọ̀gá kiri láti ìgbà tí gbogbo irun orí rẹ̀ ṣì dúdú títí tó fi funfun tán, kò sì sí ọ̀gá kan tó lè sọ pé ọkọ̀ kú mọ́ òun lójú ọ̀nà rí nígbà tí Rọra wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àwọn ọ̀gá, iṣẹ́ nìyẹn. Ìfẹ́ rẹ̀ wà nílé. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ni, aláwọ̀ búlúù, onílẹ̀kùn mẹ́rin, tí ó rà lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó gbó, tí ó sì tún ṣe títí tí ẹni tó tà á fún un fi rí i lójú pópó tí kò dá a mọ̀.

Kí n tó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ, ó yẹ kí n kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: ọkùnrin náà mọ ọkọ̀ tọ́jú. Láràárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, á fi àkísà funfun nù ún, á tì í bọ̀ ọ́ padà, á tún fà á yọ. Kì í ṣe bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó nìkan ló ń wò. Á fi ìka méjì pa á wò, á gbé e símú. Ó ní ọ́ìlì tó bá ti dúdú, tó sì ń ta ìka bí iyanrìn, kò tọ́jú ẹ́ńjìnnì mọ́, ńṣe ló ń jẹ ẹ́. Kò jẹ́ ṣí ìdérí rádíétọ̀ nígbà tó bá gbóná. Kò jẹ́ fi ẹsẹ̀ ta táyà kó ní òun fi ń wo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ohun tó fi ń wọ̀n ọ́n wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, bí ẹlòmíràn ṣe ń mú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà kiri. Bí ó bá sítáàtì ọkọ̀ náà tán, kì í tẹ iná mọ́ ọn bíi ti àwọn tí kò mọ̀kan. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni yóò fi wà á kọjá òpópónà àkọ́kọ́, kí ọ́ìlì lè rin gbogbo ara irin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sinmi lórí kílọ́ọ̀ṣì. Epo inú táǹkì kì í lọ sílẹ̀ débi tí pàǹtírí ìsàlẹ̀ yóò fi bá epo wọnú ẹ́ńjìnnì. Bí òjò bá rọ̀, abẹ́ ọkọ̀ ló kọ́kọ́ ń fọ̀, ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè rí, nítorí ó ní inú ẹrẹ̀ tó bá gbẹ síbẹ̀ ni irin ti ń dóògún. Ó sì kórìíra rédíò nínú ọkọ̀. Ó ní ọkọ̀ máa ń sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì ń gbọ́ orin kò ní gbọ́ nígbà tó bá ń ké.

Àwọn aládùúgbò ń fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dùn ún jù ni Tíṣà, olùkọ́ ìṣirò tí ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì ọ̀nà. Okùn ni Tíṣà fi so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ tirẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì ti di èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè pè lórúkọ mọ́. Láràárọ̀ á kó ọmọ, ìwé àti ẹrù ìyàwó sínú rẹ̀, á gbá ilẹ̀kùn, ọkọ̀ náà á wúkọ́, á gbọ̀n jìgìjìgì, á sì lọ. Rọra á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀, á mi orí bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

"Tíṣà, ìgbà wo lo yẹ ọ́ìlì wò kẹ́yìn?"

"Bàbá, iná pupa iwájú ọkọ̀ ò tíì tàn."

"Iná pupa! Iná pupa kọ́ ni ìkìlọ̀ o. Ìròyìn òkú nìyẹn!"

Tíṣà á rẹ́rìn-ín, á juwọ́ sí i, á sì tún gbé ọkọ̀ náà jáde lọ́la bó ṣe wà.

Ọjọ́ tí Rọra fẹ̀yìn tì, ilé iṣẹ́ fún un ní aago ògiri kan, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n bá a ya fọ́tò. Ó délé, ó jókòó sórí àga níwájú ilé, ó wo ọkọ̀ rẹ̀ títí. Èrò kan wá sí i lọ́kàn, èrò náà sì dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ìrìn ló ń jẹ ọkọ̀, pé gbogbo òkè tó gùn àti gbogbo kòtò tó kó sí ló ń mú nǹkan lọ lára rẹ̀. Tó bá wá rí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tí kò rìn rárá ńkọ́? Kí ni yóò jẹ ẹ́?

"Àwa méjèèjì la ti ṣiṣẹ́ tó," ó sọ fún ọkọ̀ náà. "Wá sinmi."

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ náà fẹ̀yìn tì. Ó wà á wọ abẹ́ òrùlé páànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó fa bírékì ọwọ́ sókè gírígírí, ó sì da tapólì tó nípọn bò ó. Láràárọ̀, á ká tapólì náà kúrò, á nu eruku, á fi ìpara ìdán kùn ún, á jókòó sídìí ọwọ́ ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀, á sì tún bò ó. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó nínú yàrá. Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́, nítorí pé ọ́ìlì tí kò ṣiṣẹ́, kí ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò lára rẹ̀? Oṣù ń gorí oṣù, ọdún yí po, ọkọ̀ náà ń dán gbinrin bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u jáde nínú páálí. Gbogbo ẹni tó bá yà nílé wọn ni Rọra ń mú lọ wò ó.

Ìyàwó rẹ̀, tí àdúgbò ń pè ní Ìyá Aránṣọ, ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn oríta. Láràárọ̀ ló ń di aṣọ àwọn oníbàárà, á gbé ìdì náà rù, á kọjá níwájú ọkọ̀ tó ń dán, á sì fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn.

"Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ ò kàn lè gbé mi dé oríta?"

"Ìyá àwọn ọmọ, ìwọ náà wo eruku ọ̀nà yẹn."

Nígbà òjò, ẹrẹ̀ ni. Nígbà tí kò sí eruku, tí kò sí ẹrẹ̀, ooru ni. Ìyá Aránṣọ fẹ́ràn àwàdà. Ó ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé òun ní orogún nílé, pé orogún náà búlúù, kò bímọ, kò dáná, síbẹ̀ òun ni ààyò. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí wọn ó fi fọwọ́ di ìhà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í fi ṣe àwàdà, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di àlùmọ́gàjí mú, bí wọ́n ṣe ń wọn èjìká, àti bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rín dá oníbàárà oníjàngbọ̀n lóhùn. Ìlú mìíràn ló ń gbé, ìrìn wákàtí mélòó kan sí wọn. Nígbà tí Rọra ṣì ń ṣiṣẹ́, kò sí ìsinmi tí wọn kì í wakọ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Àmọ́ látìgbà tí ọkọ̀ ti fẹ̀yìn tì, orí fóònù nìkan ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti ń gbóhùn ara wọn. "Oṣù tó ń bọ̀ la ó lọ," ni Rọra máa ń wí. "Jẹ́ kí wọ́n tún ọ̀nà yẹn ṣe ná."

Ní Ọjọ́rú kan, fóònù dún ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n ni. Ó ní ọmọ òun tó wà lókè òkun ti parí gbogbo ètò, ìwé ti jáde, alẹ́ Sátidé ni ọkọ̀ òfurufú òun ń gbéra, òun ń lọ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sọ pé òun kò ní padà wá, àbúrò rẹ̀ kò sì bi í. Àwọn méjèèjì mọ ọjọ́ orí ara wọn, wọ́n sì mọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó.

Ìyá Aránṣọ ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ó wálé.

"Bàbá àwọn ọmọ, mo gbọ́dọ̀ fojú kan ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n tó lọ. Mo fẹ́ lọ gba àyè sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ẹyọ kan náà ló ń lọ síbẹ̀ ní Sátidé, ìdájí ló sì máa ń gbéra."

Rọra dìde dúró. Ọ̀rọ̀ náà bí i nínú gidi.

"Bọ́ọ̀sì? Ìyàwó èmi Rọra? Pẹ̀lú ọkọ̀ tó dáa jù ládùúgbò yìí nínú ilé?" Ó fọwọ́ sọ àyà. "Irú ọjọ́ báyìí gan-an ni mo ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Fọkàn balẹ̀. A ó jẹun àárọ̀ wa, a ó gbéra, a ó sì débẹ̀ kí oòrùn tó mú."

Inú obìnrin náà dùn débi pé ó gbá a mọ́ra níwájú ilé, lójú Tíṣà tó ń kó ìwé bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ méjì tó kù, orin ló ń kọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́. Ìyá Aránṣọ wọ aṣọ tuntun tó rán fúnra rẹ̀, ó sì ká èyí tó rán fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú àpò. Rọra ká tapólì kúrò pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ṣílẹ̀kùn fún ìyàwó rẹ̀, ó jókòó, ó tún dígí ṣe, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ojú ihò rẹ̀, ó sì yí i.

Kò sí ìró kankan.

Ó tún yí i. Nǹkan kan ṣe "tì" lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì tán síbẹ̀.

"Kí ló ń ṣe é?" ni ìyàwó rẹ̀ bèèrè.

"Oorun ṣì wà lójú ẹ̀ ni," ni Rọra wí, àmọ́ òógùn ti bo gbogbo iwájú orí rẹ̀.

Ó bọ́ sílẹ̀, ó ní kí àwọn tì í. Tíṣà sáré wá láti òdìkejì, àwọn méjì mìíràn tó ń kọjá lọ náà dá sí i. Wọ́n tì í tagbáratagbára, ọkọ̀ náà kò mira. Bírékì ẹ̀yìn ti lẹ̀ mọ́ra, táyà kò yí rárá. Àwọn táyà náà fúnra wọn, ìgbà yìí ni gbogbo wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i pé ìsàlẹ̀ wọn ti tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ìdí ẹni tó ti jókòó pẹ́ jù sójú kan. Rọra yí ọkọ̀ náà po, ó tún yí i po. Ìyàwó rẹ̀ ṣì jókòó sínú rẹ̀, àpò wà lórí itan rẹ̀, ó ń wo iwájú. Bọ́ọ̀sì ti lọ láti ìdájí.

Tíṣà ló pe Sípánà. Obìnrin ni Sípánà, ó sígbọnlẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ mẹkáníìkì dunjú, ṣùgbọ́n Rọra kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ̀ rẹ̀ rí, ó ní ó máa ń gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì pa dé. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dé, ó kí gbogbo wọn, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì pariwo.

Eku ló fò jáde. Ó gba orí bàtà Tíṣà kọjá, Tíṣà sì fò ju eku náà lọ. Lórí ẹ́ńjìnnì, ìtẹ́ kan wà níbẹ̀ tó dùn ún wò: àjákù aṣọ ni eku fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, pupa, àwọ̀ ewé, àti èyí tó ní òdòdó lára. Ìyá Aránṣọ bọ́ sílẹ̀, ó yọjú wò ó.

"Aṣọ nọ́ọ̀sì oníbàárà mi rèé! Èyí tí mo ń wá láti ìgbà òjò!"

Pẹ̀lú gbogbo bí inú ṣe ń bí i, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi Rọra.

"Bàbá," ni Sípánà wí nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, "ìgbà wo lẹ wà á kẹ́yìn?"

"Mi ò wà á. Mo ní kó sinmi."

Sípánà wò ó bóyá ó ń ṣàwàdà ni. "Ẹ ní kó sinmi? Ẹ̀yin, Bàbá? Tí ẹ́ńjìnnì ò bá yí, iná inú bátìrì á kú ni. Epo tó bá pẹ́ jù nínú táǹkì á bàjẹ́. Ọ́ìlì á fi irin sílẹ̀, á ṣàn lọ sísàlẹ̀. Bírékì á dóògún. Wáyà rèé, eku ti fi ṣe oúnjẹ. Ọkọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ máa gbé e jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó rìn títí ara ẹ̀ á fi gbóná dáadáa. Kì í ṣe kó kàn máa kùn lójú kan o. Kó rìn."

Ohun tó dun Rọra jù ni pé kò sí ìkankan nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kò mọ̀. Àwọn ọkọ̀ ilé iṣẹ́ tó bá ti ń jókòó jù lọ́gbà, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wà wọ́n jáde lọ́jọ́ Ẹtì, tí á sì máa sọ fún àwọn awakọ̀ kéékèèké pé ọkọ̀ tí kò rìn ń kú lọ ni. Ó mọ̀ ọ́n fún ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ó fẹ́ràn tirẹ̀ jù, ìyẹn ni kò jẹ́ kó rántí.

"Bàbá àwọn ọmọ." Ohùn ìyàwó rẹ̀ kò ga rárá. "Ọkọ̀ nìkan kọ́ lẹ gbé pa mọ́. Èmi náà lẹ gbé pa mọ́ pẹ̀lú ẹ̀. Látìgbà tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì, ibo la jọ lọ? Ṣọ́ọ̀bù ni mò ń lọ, ilé ni mò ń bọ̀. Mo rò pé tẹ́ ẹ bá fẹ̀yìn tì, a ó máa jáde ni. Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ lónìí. Ọjọ́ wo gan-an lẹ ń tọ́jú ọkọ̀ yìí dè?"

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú ti Rọra, kì í ṣe nítorí àwọn tó dúró tì í, bí kò ṣe nítorí pé òótọ́ lọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀.

"Mo jẹ̀bi," ó wí. Ó yíjú sí Sípánà. "Ohun tó bá wù ẹ́ ni kó o ṣe sí i. Gbá a. Là á. Ṣáà jẹ́ kó rìn."

Báyìí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Sípánà gbé òòlù, ó ń fi gbá irin bírékì ẹ̀yìn kí ìpẹtà lè tú u sílẹ̀, gbà, gbà, gbà. Ìró kọ̀ọ̀kan ń dún nínú àyà Rọra, ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ òde lọ́rùn, ó ń bá a tú epo tó ti bàjẹ́ dànù. Tíṣà sáré lọ ra epo tuntun wá. Wọ́n so wáyà tí eku ti jẹ, wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà. Ìyá Aránṣọ gbé àga wá síta, ó ń bá wọn na tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ọkọ̀, ó sì ń wo oòrùn bó ṣe ń gòkè.

Ó wá ku iná bátìrì. Ọkọ̀ wo ni wọn yóò ti yá iná? Tíṣà wa ọkọ̀ rẹ̀ wá, tòun ti okùn ilẹ̀kùn rẹ̀, ó dojú rẹ̀ kọ ti Rọra, imú sí imú. Sípánà gbé wáyà ńlá méjì jáde.

"Bàbá," ni Tíṣà wí, ó fajú ro bí ẹni tó ń rò ó dáadáa, "ṣé ẹ rò pé ó bójú mu kí ìdọ̀tí ọkọ̀ tèmi yìí sún mọ́ tiyín?"

"Tíṣà, jọ̀ọ́, má tíì pa mí."

Sípánà yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ búlúù wúkọ́, ó dákẹ́. Ó tún yí i. Ó kérora, ó gbọ̀n, ó tú èéfín dúdú bo gbogbo wọn lójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìyá Aránṣọ pàtẹ́wọ́, Tíṣà ń jó, Rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ tó dúdú fún ọ́ìlì nu ojú, kò sì sí ẹni tó bi í bóyá èéfín ni tàbí omijé.

"Ẹ má pa á o," ni Sípánà kìlọ̀. "Bátìrì yẹn ò tíì lágbára. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ pàápàá, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́. Táyà á máa gbọ̀n yín lákọ̀ọ́kọ́ kó tó balẹ̀." Lẹ́yìn náà ló gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì pa dé, gbàgà, Rọra sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Oòrùn ti kúrò lókè orí kí wọ́n tó gbéra. Táyà ń lu wọ́n bí ẹni ń kù iyẹ̀fun, ohun tí kò sí nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń dún lẹ́yìn, eruku sì ń yí wọlé láti ojú fèrèsé. Rọra kò wo eruku. Ó tẹ iná mọ́ ọkọ̀ náà títí eré rẹ̀ fi dé ibi tí òfin gbà á láyè, ibi tí ìyàwó rẹ̀ kò tíì bá a dé rí látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Ó kó sí kòtò kan, kò yà fún un. Ó kó sí òmíràn. Ìyá Aránṣọ di ilẹ̀kùn mú.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ rọra!"

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rín tó bú jáde nínú ọkọ̀ náà pọ̀ débi pé Rọra fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sẹ́bàá ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Ẹ̀gbọ́n jókòó lórí àpótí rẹ̀ níwájú ilé tí wọ́n ti tì pa. Ó ti fi kóòtù tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ nítorí òtútù òkè òkun kọ́ èjìká, ooru sì ń pa á. Ó rí ọkọ̀ búlúù, ó dìde, kóòtù jábọ́ kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un.

"Mo ti ní n ò ní rí yín mọ́," ó wí, ó ń gbá àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn bí ẹni tó ń gbá ọmọ tí oúnjẹ há lọ́fun. "Mo ti ní n ò ní rí yín mọ́ o."

Wọ́n sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bára wọn wí. Ìyá Aránṣọ na aṣọ tuntun mọ́ ọn lára níbẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ṣe gẹ́ẹ́, láìwọ̀n ọ́n. Ìgbà tí ara wọn balẹ̀ díẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n wá tẹ́tí.

"Ọkọ àbúrò mi, kí ló dé tó ò pa ọkọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá pa á, kò ní jí mọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfurufú, n ó ní kí ẹni tó fẹ́ gbé mi má wulẹ̀ wá mọ́. Ṣùgbọ́n àkókò ṣì wà. Ẹ kọ́kọ́ gbé mi yí ìlú yìí ká ná. Ó pẹ́ tí ẹsẹ̀ mi ò ti gbé mi débì kankan, n ò sì fẹ́ lọ láì rí i."

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọ́n kọjá níbi tí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Ẹ̀gbọ́n wà nígbà kan, fóònù ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Wọ́n kọjá nílé ìwé. Ẹ̀gbọ́n ní òun fẹ́ rí odò, ọ̀nà odò sì burú. Òkúta ló kún ibẹ̀, irú ọ̀nà tí Rọra kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ní etí ọkọ̀ yẹn. Ó yà sí i. Òkúta ń ta lu abẹ́ ọkọ̀, kò, kò, kò, ó sì ń mọ irin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bà. Bó bá tiẹ̀ dẹwọ́ eré, kí wọ́n lè rí ìta dáadáa ni.

"Inú gọ́tà yẹn lo ṣubú sí lọ́mọdé!" ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó nawọ́ síta.

"Ẹ̀yin lẹ tì mí!"

"Èmi? Èmi tí mo gbé ẹ jáde?"

"Ẹ tì mí, ẹ wá gbé mi jáde!"

Rọra wo dígí. Àwọn àgbà obìnrin méjì ló wà níbẹ̀, orí sí orí, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó sá kúrò ní kíláàsì. Ó ti lé ní ọdún kan tó fi ní òun ń tọ́jú irin, àṣé irú ọ̀sán báyìí ló ń gbé pa mọ́, èyí tó ti lọ kò sì ní padà. Ó yí ọkọ̀ padà létí odò, ó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní pápákọ̀ òfurufú, nítorí ẹ́ńjìnnì tí kò gbọ́dọ̀ kú, Rọra ò lè bá wọn wọlé. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sí i láti ojú fèrèsé, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má jẹ́ kí àbúrò mi máa jókòó sílé o."

"Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́."

Ó rí ẹ̀yìn wọn bí wọ́n ṣe ń fa àpótí wọlé, ọ̀kan ń tiro díẹ̀, èkejì ń rọra rìn kó lè bá a dọ́gba. Ó pẹ́ kí Ìyá Aránṣọ tó padà. Ọwọ́ òfo ló fi dé, ojú rẹ̀ pupa, kò sì wọ ẹ̀yìn mọ́. Iwájú ló jókòó sí.

Wọ́n kọjú sí ọ̀nà ilé. Ojú ọ̀run ti ń pọ́n, táyà ti balẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ó sì ń kùn wẹ́rẹ́. Ọkọ̀ náà ò dún dáadáa tó báyìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyá Aránṣọ ń sunkún, ó ń nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tó bá rántí gọ́tà, á sì tún sunkún. Rọra ń wakọ̀, ó fi ọwọ́ kan bo ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ọ̀nà bá tọ́.

Wọ́n dé àdúgbò wọn. Oríta ilé wọn yọ níwájú, Rọra sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná.

"Tá a bá ti yà wọlé báyìí," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó ń wo ìta, "ó parí náà nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ nìyẹn."

Rọra wo ohun tó ń wọn epo níwájú rẹ̀, epo ṣì wà. Ó kọjá oríta náà, kò sì bi í léèrè ibi tí wọ́n ń lọ.